Ọdún mélòó ni akọni lè fi wà lókè? Ọ̀rọ̀ LeBron James àti Hakeem Ọlájùwọ́n

Ní ìgbà ọyẹ́, bí agogo mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí bá lù ní àdúgbò Djègan-Kpèvi, ní ìlú Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), agogo méje ààbọ̀ alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ní ìlú Los Angeles, ní Amẹ́ríkà. Àkókò yẹn ni ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì Lakers sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ eré nílé wọn. Ọ̀dọ́ Djègan-Kpèvi tó bá fẹ́ wò ó lórí fóònù ní láti fi oorun sílẹ̀. Ẹni tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń tìtorí rẹ̀ jí ni LeBron James.

Ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 1984 ni a bí LeBron James ní ìlú Akron. Ó ti pé ọmọ ọdún 41. Ọmọ ọdún 18 ni nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi básíkẹ́ẹ̀tì ṣe iṣẹ́ nínú ìdíje NBA ní ọdún 2003. Sáà 2025-2026 ni ó jẹ́ ìkẹtàlélógún fún un. Kò sí ẹlòmíràn tí ó tíì ṣe sáà 23 nínú ìdíje náà rí.

Ní ọjà, ní oko, tàbí nídìí iṣẹ́ ọwọ́, ẹni ọdún 41 kì í ṣe arúgbó. Ìgbà náà gan-an ni ènìyàn ń mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Ṣùgbọ́n nínú básíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn eré tí a ń fi ọwọ́ ju bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n tí a gbé kọ́ sókè, ẹni ọdún 41 ti di àgbà pátápátá. Ìṣẹ́jú 48 ni eré kan. Ní gbogbo àkókò náà, wọ́n ń sáré, wọ́n ń fò sókè, wọ́n sì ń kọlu ara wọn. Irú eré bẹ́ẹ̀ 82 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣe ní sáà kan, kí ìdíje ife tó bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ìbéèrè kan wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn: ìgbà wo ni ọkùnrin yìí yóò ṣe eré rẹ̀ dà bí ẹni tí ó ga jù lọ?

Òkè méjì ni ó wà

Láti dáhùn ìbéèrè yìí, ó yẹ kí a ya ohun méjì sọ́tọ̀. Èkíní ni agbára ara. Èkejì ni ìmọ̀ iṣẹ́. Agbára ara ń tètè dé, ó sì ń tètè lọ. Ìmọ̀ ń pẹ́ kí ó tó dé, ṣùgbọ́n kì í tètè lọ. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ akèǹgbè. Eléré tó bá wà lókè gan-an ni ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tó pẹpẹ, tí ó sì tún wọ akèǹgbè. Àkókò tí ohun méjèèjì fi ń pàdé lára ẹnì kan kì í gùn.

Kò sí ẹni tí ìtàn rẹ̀ fi èyí hàn ju ọmọ Yorùbá kan tí a bí sí Èkó lọ. Orúkọ rẹ̀ ni Hakeem Ọlájùwọ́n.

Ọmọ oníṣòwò sìmẹ́ńtì

Ọjọ́ 21 oṣù Kìíní ọdún 1963 ni a bí Hakeem Ọlájùwọ́n. Bàbá àti ìyá rẹ̀ ń ta sìmẹ́ńtì ní Èkó. Ní kékeré, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni ó ń gbá, òun ni ó sì máa ń ṣọ́ ilé. Kò fọwọ́ kan básíkẹ́ẹ̀tì títí ó fi tó ọmọ ọdún 15. Lẹ́yìn náà ni ó lọ sí Yunifásítì Houston ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1984, ẹgbẹ́ Houston Rockets mú un ṣáájú gbogbo ọ̀dọ́ tó wà níwájú wọn. Ẹni tí wọ́n mú ṣìkẹta lọ́dún náà ni Michael Jordan.

Bí ó tilẹ̀ pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kò dúró lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ tí ó fi ṣọ́ ilé bọ́ọ̀lù ní Èkó ni ó fi ń tan àwọn òmìrán jẹ lábẹ́ àwọ̀n. Yóò ṣe bí ẹni tó fẹ́ yí sọ́tùn-ún, yóò sì yí sósì. Ọdún mẹ́wàá kọjá kí ó tó gba ife. Ọdún 1994 ni Houston gba ife àkọ́kọ́, wọ́n sì tún gbà á ní ọdún 1995. Ọmọ ọdún 31 àti 32 ni Ọlájùwọ́n nígbà náà. Ní sáà 1994-1995, ó ń kó àmì 27,8 nínú eré kan, èyí tí ó pọ̀ jù lọ ní gbogbo ayé iṣẹ́ rẹ̀. Nínú sáà yìí kan náà ni ó gba ẹ̀bùn eléré tó dára jù lọ fún oṣù Kejì, bẹ́ẹ̀ sì ni ó ń gba ààwẹ̀ Ramadan lọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà ni òkè bẹ̀rẹ̀ sí í di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ní sáà 1996-1997, àmì rẹ̀ jẹ́ 23,2. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, orúnkún rẹ̀ dùn ún, àmì rẹ̀ sì bọ́ sí 16,4. Nígbà tí ó di sáà 1999-2000, ó kù díẹ̀ ju 10 lọ. Ní ọdún 2001, ó kúrò ní Houston lọ sí ẹgbẹ́ Toronto Raptors ní Kánádà. Níbẹ̀, àmì 7,1 péré ni ó ń kó. Ẹ̀yìn ríro ni ó mú kí ó fi eré sílẹ̀ ní ọdún 2002. Ọmọ ọdún 39 ni.

Ohun tó yẹ kí a kíyè sí ni pé ìmọ̀ Ọlájùwọ́n kò dín kù ní Toronto. Ó ṣì mọ ibi tí ó yẹ kí ó yí sí. Ara rẹ̀ ni kò gbọ́ràn mọ́. Láti ìgbà tí ó gba ife kejì títí di ọjọ́ tí ó fi eré sílẹ̀, ọdún méje péré ni.

Báwo ni LeBron ṣe pẹ́ tó báyìí?

Ti LeBron James yàtọ̀. Ní sáà 2005-2006, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 21, ó ń kó àmì 31,4 nínú eré kan. Ní sáà 2021-2022, nígbà tí ó pé ọmọ ọdún 37, ó tún kó 30,3. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 2023, ó kọjá Kareem Abdul-Jabbar, ó sì di ẹni tó kó àmì jù lọ nínú ìtàn NBA. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta ọdún 2024, àmì rẹ̀ pé 40 000. Kò sí ẹlòmíràn tó dé ibẹ̀. Ní sáà 2024-2025, ní ọmọ ọdún 40, ó ń kó 24,4, a sì tún kà á mọ́ àwọn mẹ́wàá tó dára jù lọ nínú sáà náà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, òun àti ọmọ bíbí inú rẹ̀, Bronny, jọ ṣeré nínú ẹgbẹ́ kan náà. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí nínú ìdíje NBA.

Ohun mẹ́ta ni ó fa èyí. Èkíní ni ìtọ́jú. LeBron ní àwọn tó ń ṣọ́ oúnjẹ rẹ̀, oorun rẹ̀ àti iṣan ara rẹ̀ lójoojúmọ́. Owó ńlá ni ó ń ná sórí ara rẹ̀, ó sì ní owó náà: ní sáà 2025-2026, owó iṣẹ́ rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 50 dọ́là. Èkejì ni orí rere. Fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́, ìfarapa ńlá kò dá a dúró fún ìgbà pípẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ó ṣe pàtàkì jù: ó ń yí ọ̀nà eré rẹ̀ padà kí ara tó fipá mú un ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ìgbà èwe, ó ń sáré wọlé tààrà, ó ń fò ju gbogbo ènìyàn lọ. Ní ọdún 2011, ẹgbẹ́ rẹ̀, Miami, pàdánù ife sọ́wọ́ Dallas. Ní àsìkò ìsinmi ọdún náà, LeBron gbéra, ó lọ sí Houston. Ta ni ó lọ bá? Hakeem Ọlájùwọ́n ni. Ọkùnrin tó ti fi eré sílẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án ni ó kọ́ ọ bí a ṣe ń kọ ẹ̀yìn sí alátakò, bí a ṣe ń yí ẹsẹ̀, bí a ṣe ń fi ọgbọ́n ṣe ohun tí agbára nìkan kò lè ṣe. Ní ọdún 2012, LeBron gba ife àkọ́kọ́ rẹ̀. Ó tún gbà á ní ọdún 2013, 2016 àti 2020.

Ẹ̀kọ́ tó jáde láti ọwọ́ ọmọ Èkó wà lára ohun tí LeBron ń jẹ títí di òní. Ní báyìí, ó ń ju bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà jíjìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì ń fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní bọ́ọ̀lù. Ó mọ ìgbà tó yẹ kí òun sáré, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kí òun rìn.

Àmì tí a kò lè fojú fò

Síbẹ̀, ohun tó ní ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ní òpin. Nígbà tí sáà 2025-2026 bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá, LeBron kò sí níbẹ̀. Ìrora iṣan tó ti ìdí sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ dá a dúró. Ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ni ó tó padà.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ọdún 2025, ohun mìíràn ṣẹlẹ̀. Láti oṣù Kìíní ọdún 2007, kò sí eré kan nínú sáà tí LeBron ṣe tí àmì rẹ̀ kò tó 10. Eré 1 297 ni ó fi ṣe bẹ́ẹ̀ láìjá. Ní ọjọ́ náà, ó kù díẹ̀ kí eré parí, àmì ẹgbẹ́ méjèèjì dọ́gba, LeBron sì ní 8 péré. Bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá jù ú, tí ó sì wọlé, ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò borí, òǹkà rẹ̀ kò sì ní já. Kò jù ú. Ó gbé e fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Rui Hachimura, tí ẹnikẹ́ni kò ṣọ́. Hachimura jù ú wọlé, Lakers sì borí. Òǹkà ọdún méjìdínlógún já lọ́jọ́ náà.

Ìlú Toronto ni èyí ti ṣẹlẹ̀, ìlú ẹgbẹ́ tí Ọlájùwọ́n bá ṣeré kẹ́yìn.

Ìdáhùn sí ìbéèrè àkọ́kọ́ wà nínú alẹ́ yẹn. LeBron James ṣì lè ṣeré. Ó ṣì lè mú ẹgbẹ́ borí. Ṣùgbọ́n kò sí lórí góńgó mọ́, ó sì jọ pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ fi hàn pé kò sí ọ̀nà mìíràn. Kareem Abdul-Jabbar fi eré sílẹ̀ ní ọmọ ọdún 42, ní ọdún 1989. Michael Jordan ṣe sáà ìkẹyìn rẹ̀ títí ó fi pé ọmọ ọdún 40. Dikembe Mutombo, ọmọ Kóńgò, dúró títí di ọdún 2009, ní ọmọ ọdún 42, kí orúnkún rẹ̀ tó sọ pé ó tó. Gbogbo wọn ṣì wúlò, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí ó wà lórí góńgó ní ọjọ́ tó lọ.

Kí ni ó kan Djègan-Kpèvi?

Ẹnì kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ olówó Amẹ́ríkà ni èyí. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọdún 1984 tí a bí LeBron ni a bí Stéphane Sessègnon, ọmọ Benin. Ní ọdún 2019, ní ọmọ ọdún 35, òun ni ó jẹ́ olórí ikọ̀ Benin tí ó lé Morocco jáde nínú ife Áfíríkà, tí ó sì dé ìpele àwọn mẹ́jọ tó kẹ́yìn. Nínú eré bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ náà, ọdún tí agbábọ́ọ̀lù fi ń wà lókè kì í pọ̀. Òbí tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ fi ilé ìwé sílẹ̀ nítorí bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ ṣe ìṣirò yìí. Àwọn tó dára jù lọ ní ayé pàápàá, ní ọmọ ọdún 40, eré ń parí fún wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀nà ṣì jìn níwájú wọn. Ti ẹni tí kò dé òkè rí ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn àgbà pẹ̀lú. Bírìkìlà, alágbàrù àti ẹni tó ń wa zémidjan ń fi ara ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí eléré. Ẹ̀yìn ń ro àwọn náà, orúnkún ń dun àwọn náà. Ṣùgbọ́n wọn kò ní ẹni tí yóò máa tọ́jú iṣan wọn lójoojúmọ́. Ọjọ́ tí ara wọn kò bá yá, owó kò wọlé. Nítorí náà, ìbéèrè tí a ń bi LeBron ni ayé ń bi wọ́n: bí agbára bá ń lọ, kí ni yóò kù?

Ìtàn Ọlájùwọ́n fèsì. Ó pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ ó kọ́ ọ dé góńgó. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbà á mọ́, ohun tí ó mọ̀ kò bá ẹsẹ̀ lọ. Ó fi kọ́ ẹlòmíràn, ẹni náà sì ń lò ó títí di òní. Bírìkìlà tó kọ́ ọmọ iṣẹ́ dáadáa, tó mọ ìwé àti ìṣirò tí yóò fi máa darí iṣẹ́, kò ní láti máa ru bíríkì títí láé. Ẹsẹ̀ ní ọjọ́ tirẹ̀. Ìmọ̀ ni a lè fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.