Owó-Orí Lórí Ẹnu

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá síwájú yín lọ́sẹ̀ yìí, ilẹ̀ Uganda ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje, ọdún 2018, ìjọba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba 200 ṣílè owó ilẹ̀ wọn lójúmọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ lo Facebook, Twitter tàbí WhatsApp. Ààrẹ Museveni, tí ó gorí àléfà láti ọdún 1986, ti kọ̀wé ṣáájú sí mínísítà ètò ìnáwó rẹ̀ pé "lugambo" ti pọ̀ jù níbẹ̀. Òfófó ni lugambo. Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa tí ẹ mọ ohun tí owó-orí jẹ́, a bi yín: ìjọba wo ni yóò bu owó-orí lé òfófó, bí òfófó náà kò bá kan òun alára?

Owó náà kéré lójú ẹni tí ń gba owó oṣù. Kò kéré lójú ẹni tí ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ létí títì. Níbẹ̀ gan-an ni àrékérekè náà wà: wọn kò fòfin de ọ̀rọ̀ tálákà, wọ́n kàn gbówó lé e títí tálákà fi pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Nígbà tí Bobi Wine, olórin tí ó di aṣòfin, kó èrò jáde ní Kampala lóṣù kan náà láti tako owó yìí, afẹ́fẹ́ tajútajú ni àwọn ọlọ́pàá fi dá wọn lóhùn.

Ẹni tí ó rí owó san ńkọ́? Ọ̀mọ̀wé Stella Nyanzi fi ewì bú Museveni lórí Facebook. Ọ̀rọ̀ rírùn kún inú ewì náà, a kò ní purọ́. A kò jẹ́ kà á sétí àwọn ọmọ wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n oṣù 18 ni wọ́n dá fún un ní oṣù Kẹjọ, ọdún 2019, ó sì ti lò ju ọdún kan lọ ní àtìmọ́lé kí ilé-ẹjọ́ gíga tó tú u sílẹ̀ ní 2020.

Ìdìbò ọdún 2021 wá dé. Lálẹ́ ọjọ́ 13 oṣù Kìíní, tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò mọ́ sí ìdìbò, wọ́n ti íntánẹ́ẹ̀tì pa jákèjádò ilẹ̀ náà. Ọjọ́ 18 ni wọ́n tó ṣí i. Wọ́n ti kéde Museveni ní ọjọ́ 16. Báwo ni ará oko yóò ṣe fi èsì tí wọ́n kà lójú rẹ̀ ní ibùdó ìdìbò tirẹ̀ ránṣẹ́, kí a lè fi í wé èyí tí ìjọba kà?

Ní oṣù Keje ọdún náà, wọ́n mú 200 ṣílè kúrò. Ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, lórí owó tí ènìyàn fi ń ra íntánẹ́ẹ̀tì. Àti ẹni tí ń ṣòfófó, àti ẹni tí ń bèèrè iye tí kọfí ń lọ lọ́jà, wọ́n jọ san án ni.