SÌGÁ NÌKAN KỌ́ LÓ PA Á



Nígbà tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró bá pa òṣìṣẹ́, ẹjọ́ méjì ni a máa ń gbọ́. Ọ̀gá iléeṣẹ́ á ní sìgá ló pa á. Àwọn ará ilé á ní ayé ló ṣe é. Àwa ní ẹ̀ka yìí kò ní í gba ọ̀kankan títí a ó fi béèrè ọ̀rọ̀ kẹta: kí ni olóògbé náà ń fà símú níbi iṣẹ́ ní gbogbo ọdún tó fi sìn wọ́n?

Ní 2024 a sin ọ̀kan nínú àwọn mẹkáníìkì wa. Ọdún 26 ló fi ń tú bíréèkì ọkọ̀ ńlá. Ẹ̀rọ tí ń fẹ́ atẹ́gùn ni wọ́n fún un pé kí ó fi fẹ́ eruku inú bíréèkì dànù. Kò sí ìbòmú. Nígbà tí ikọ́ dé, oògùn ikọ́ ife ni wọ́n ń fún un fún oṣù mẹ́fà. Ó ń rù, ohùn rẹ̀ há, ó wá ń tutọ́ ẹ̀jẹ̀. Ìgbà tí wọ́n fi máa ya fọ́tò àyà rẹ̀, àrùn ti dé egungun. Ìyàwó rẹ̀ ta ẹ̀rọ ìránṣọ kí ó lè ra oògùn ìrora. Àwa náà dá owó, kò tó. Kò lò ju oṣù márùn-ún lọ mọ́. Ìwé tí iléeṣẹ́ kọ sí opó kò ju ìlà mẹ́rin lọ: olóògbé a máa mu sìgá, ọ̀rọ̀ náà kò kàn wọ́n.

Lóòótọ́ ni ó ń mu sìgá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀rí tiwọn bá wọn rojọ́. Dókítà Richard Doll ti Ìlú Ọba wà lára àwọn tó fi hàn ní 1950 pé sìgá ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Dókítà yìí kan náà ló kọ ọ́ ní 1955 pé àwọn ọkùnrin tó ti lo 20 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú eruku asbestos ní iléeṣẹ́ kan níbẹ̀, ewu àrùn yìí lórí wọn tó ìlọ́po 10 ti àwọn ará ìlú yòókù. Asbestos yìí ni wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún pò mọ́ bíréèkì ọkọ̀. Kí ló dé tí àwọn ọ̀gá gba ọ̀rọ̀ 1950, tí wọ́n di etí sí ti 1955? Ẹni tó ń mu sìgá, tó tún ń fa eruku asbestos, ewu tirẹ̀ ju kí a ro méjèèjì pọ̀ lọ. Ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ kí wọ́n dáàbò bò jù!

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì nìkan ni. Ní 2012 àjọ ìwádìí jẹjẹrẹ tó wà lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé èéfín ẹ́ńjìnnì dísù ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Eruku asbestos tí a fà lónìí lè di àrùn lẹ́yìn 20 ọdún sí 40, nígbà tí mánéjà ti fẹ̀yìn tì. Igi gànmù-gánmù má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ní ti ẹ̀yin tó ní ayé ló ṣe é, inú iléeṣẹ́ ń dùn sí yín. Bí a bá ń wá àjẹ́ kiri àdúgbò, ta ni yóò bi mánéjà léèrè? Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Òfin Owó Gbà-Má-Bínú Òṣìṣẹ́ ti 2010 mọ àrùn tí iṣẹ́ fà, bí ó ti mọ ìjàǹbá. Àgbanisíṣẹ́ ló ń san owó rẹ̀ fún NSITF. Wọn kò gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ nínú owó oṣù wa. Opó tó ní ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó jẹ́ pé olóògbé nìkan ni wọ́n gbójú lé, ẹ̀tọ́ wọn jẹ́ náírà 90 nínú 100 owó oṣù rẹ̀, lóṣooṣù. Ṣùgbọ́n ọdún kan ni òfin fún wa láti kọ̀wé béèrè. Ìlà mẹ́rin yẹn, ńṣe ni wọ́n fẹ́ kí opó jókòó sílé títí ọdún yóò fi yí po. Kò jókòó. Ẹgbẹ́ ti bá a kọ̀wé.

Ohun tí a ń béèrè nìyí. Kí wọ́n gbé ẹ̀rọ atẹ́gùn kúrò nídìí bíréèkì. Aṣọ tútù ni kí a fi máa nu eruku. Kí wọ́n má ṣe dáná sí ọkọ̀ nínú gáréèjì tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹni tí ikọ́ rẹ̀ bá kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí iléeṣẹ́ sanwó fọ́tò àyà rẹ̀.

Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ jáwọ́ nínú sìgá, kí ẹ má fi àwáwí lé wọn lọ́wọ́. Kí oníkálukú ra ìwé kékeré kan, kí ó kọ ọdún tó wọṣẹ́, ibi tó ti ṣiṣẹ́, àti ohun tó ń fọwọ́ kàn sínú rẹ̀. Kí ẹ fi pamọ́ sọ́dọ̀ ìyàwó tàbí ọkọ yín, ẹ má fi sí iléeṣẹ́. Ìwé yẹn ni yóò bá àwọn ọmọ yín rojọ́ nígbà tí ẹnu yín kò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́.