Ìbàdàn Kò Ní Òkun, Ṣùgbọ́n Òkun Lọ́wọ́ nínú Ọjà Wa

Ẹni tí ó bá wo àtẹ ọjà ní Ọjà'ba, ní Bẹẹrẹ tàbí ní Bẹ́yẹrúnká lè rò pé ọ̀rọ̀ òkun kò kan ìlú tí ó tẹ̀dó sí àárín àwọn òkè. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àlìkámà tí a fi ń ṣe búrẹ́dì, irin, ẹ̀rọ àti ọ̀pọ̀ oògùn ni ó gba orí omi wá. Orí omi náà sì ni kòkó àwọn àgbẹ̀ wa ń gbà lọ. Ìlú tí kò bá ní òkun, ọ̀nà tí ó gbà dé òkun ni agbára rẹ̀. Bí ọ̀nà náà bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, ẹni tí ó dúró sí ẹnubodè ni yóò máa bu iye lé ọjà wa.

Àwọn baba ńlá wa mọ èyí dájú. Ní ọ̀rúndún 19, Ìbàdàn lágbára ogun púpọ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti ti Ìjẹ̀bú ni ó wà láàárín rẹ̀ àti etíkun. Epo pupa àti ekùrọ́ ń lọ; iyọ̀, ìbọn àti ẹ̀tù ń bọ̀. Àwọn tí ó ni ilẹ̀ àárín kò jẹ́ kí oníṣòwò Ìbàdàn kọjá bí ó ti wù ú, nítorí èrè alárinà ni wọ́n ń jẹ. Ní ọdún 1877, Ààrẹ Látòósà rán ènìyàn lọ ra ẹ̀tù ní Àjàṣẹ́, ìlú tí a tún ń pè ní Porto-Novo. Ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni wọ́n gbà kọjá. Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ́ sílẹ̀, tí ọ̀nà sì dí. Ogun Kíríjì gbèrú láìpẹ́ sí ìgbà náà, ọ̀nà Oǹdó sì di ibi tí Ìbàdàn ń gbà mí díẹ̀. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n ní 1892, ọ̀nà etíkun là. Ní 1893, Ìbàdàn náà tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú wọn. Ẹni tí ó la ọ̀nà ni ó wá di olórí ọ̀nà.

Reluwé láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901. Láti ìgbà náà, àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó tí ń ra irè oko kọ́ ilé ìkẹ́rùsí wọn sí ìtòsí ibùdókọ̀ reluwé, òwò ńlá sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò ní agbègbè Ọjà'ba lọ sí Dùgbẹ̀ àti Gbági. Nígbà tí wọ́n fi ṣí Gbọ̀ngàn Mápó ní 1929, àṣẹ ṣì wà lórí òkè, ṣùgbọ́n owó ti sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìdí reluwé.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ti òde òní. Nígbà tí Rọ́ṣíà gbógun wọ Ukraine ní oṣù Kejì ọdún 2022, ọkọ̀ tí ń kó ọkà kò lè gba Òkun Dúdú mọ́. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti Turkey bá wọn ṣe àdéhùn ní oṣù Keje ọdún náà. Rọ́ṣíà yọwọ́ kúrò nínú rẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2023. Nàìjíríà tí ó ń ra èyí tí ó pọ̀ jù nínú àlìkámà rẹ̀ láti òkèèrè kò lè ṣàì mọ̀ ọ́n lára, bí kò tilẹ̀ rà á lọ́wọ́ àwọn tí ń jagun. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, àwọn Houthi ní Yemen bẹ̀rẹ̀ sí í kọlu ọkọ̀ ní Òkun Pupa. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ń ná Éṣíà sí Yúróòpù pa ọ̀nà Suez tì, wọ́n sì ń yípo gba ìsàlẹ̀ Áfíríkà, èyí tí ó fi nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 14 kún ìrìn wọn. Ọkọ̀ tí ó bá pẹ́ lórí omi kò ní tètè padà wá kó ẹrù míràn. Ọkọ̀ wá wọ́n, owó ọkọ̀ sì gbéra, títí kan ibi tí ẹrù wọn kì í gba Òkun Pupa.

Kòkó ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Nítorí ojú ọjọ́ àti àrùn igi kòkó ní Côte d'Ivoire àti Gánà, iye rẹ̀ ní New York kọjá dọ́là 10,000 lórí tọ́ọ̀nù kan ní oṣù Kẹta ọdún 2024, ó sì kọjá 12,000 kí ọdún náà tó parí. Ní òpin ọdún 2025, ó ti já wá sí ìsàlẹ̀ 7,000. Àgbẹ̀ wa kò dá iye yìí, bẹ́ẹ̀ ni kì í gba gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó ń kó kòkó lọ sí òkèèrè yóò kọ́kọ́ yọ owó ọkọ̀ akẹ́rù, owó ìdádúró ní èbúté àti owó ọkọ̀ òkun. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù ni ti àgbẹ̀. Lórí ẹrù tí ń wọlé, owó ọ̀nà ni a ń rò mọ́ iye ọjà. Lórí ẹrù tí ń jáde, a ń yọ ọ́ nínú owó àgbẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni ó ń gba owó lọ́wọ́ wa lẹ́ẹ̀mejì.

A kò lè pàṣẹ fún Òkun Pupa, ṣùgbọ́n a lè tún ọ̀nà tí ó wà nílẹ̀ wa ṣe. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2021 ni reluwé tuntun, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 157, ti ń ná Èkó sí Mọ́níyà. Ní 2006 ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí èbúté orí ilẹ̀ mẹ́fà, Ìbàdàn sì wà nínú wọn. Wọ́n ṣí ti Kánò ní oṣù Kìíní ọdún 2023. Tiwa ṣì ń retí. Bí ó bá parí, oníṣòwò Ọjà'ba lè gba ẹrù rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù níbí, láìsùn sí Àpápá. Èbúté Lẹ́kí tí wọ́n ṣí ní oṣù Kìíní ọdún 2023 jinlẹ̀ tó mítà 16.5, ṣùgbọ́n reluwé kò tíì dé ibẹ̀. Ó yẹ kí a máa béèrè fún ìyẹn náà, nítorí ọ̀nà méjì sàn ju ẹyọ kan lọ.

Àti pé, kí a máa lọ kòkó níbí kí ó tó wọ ọkọ̀. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó ti orílẹ̀-èdè yìí, CRIN, wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́ láti 1964. Ìmọ̀ kò jìnnà sí wa. Látòósà wá ọ̀nà sí etíkun pẹ̀lú ogun. Àwa lè fi irin, ìwé àṣẹ àti iṣẹ́ ọwọ́ wá tiwa.