TA NI YÓÒ JOGÚN EWÉ ÀTI OLÚ WA?

Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹ̀yin àgbà kí n tó la ẹnu, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kò dùn létí, bẹ́ẹ̀ ni kò sì ṣeé bò mọ́lẹ̀ mọ́.

Ẹni tí ó bá ti Èkó bọ̀, tí ó sì dé Ṣàngó-Ọ̀tà ní kùtùkùtù òwúrọ̀, ohun mẹ́ta li ojú rẹ̀ yóò rí. Èkíní ni àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tí ó tò lọ bẹẹrẹ pẹ̀lú ògiri gíga wọn; àwọn tí ń ṣe òògùn sì wà láàrin wọn, irú bí May & Baker àti Fidson. Èkejì ni ilé ẹ̀kọ́ gíga: Yunifásítì Covenant tí a ṣí ní ọdún 2002 lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, àti Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Bells, níbi tí àwọn ọmọ wa ti ń kọ́ maikrobáyọ́lọ́jì, èyíinì ni ẹ̀kọ́ nípa àwọn ohun alààyè tí ojú lásán kò lè rí. Ẹ̀kẹta ni àwọn eléwé ọmọ àti àwọn lékuléja nínú ọjà, tí wọ́n pàtẹ egbò, èèpo igi àti ewé tútù. Àwọn mẹ́ta wọ̀nyí ń gbé ìlú kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá ara wọn sọ kò tó nǹkan. Ohun tí mo ní í sọ kò ju èyí lọ: bí ilé ẹ̀kọ́, ilé iṣẹ́ àti ọjà ewé kò bá jókòó pọ̀, tí wọn kò sì gba èdè Yorùbá gẹ́gẹ́ bí èdè ìpàdé wọn, ogún yìí yóò kú mọ́ wa lọ́wọ́, tàbí kí àlejò kó o lọ lójú wa.

Àwọn kan yóò dáhùn pé ẹ̀kọ́ òyìnbó ni ẹ̀kọ́ ohun àìfojúrí. Irọ́ ni. Ta li ó kọ́ ìyá wa láti rẹ àgbàdo fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí ògì tó kan? Ta li ó kọ́ ọ láti fi ewé bo irú mọ́lẹ̀ títí yóò fi yọ̀, tí òórùn rẹ̀ yóò sì jáde? Ẹ̀gẹ́ tí a rin, tí a dì sínú àpò, tí a sì gbé òkúta lé, májèlé inú rẹ̀ ń dínkù bí ó ti ń kan lọ, kí ó tó di gàrí lórí iná. Iṣẹ́ àwọn ohun àìfojúrí wà nínú gbogbo èyí. Àwọn ìyá wa ti ń sìn wọ́n bí ẹran ọ̀sìn kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó fi ojú kan awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá.

Ẹ wo olú pẹ̀lú. Àgbẹ̀ wa mọ̀ pé lẹ́yìn òjò, olú kan a máa hù ní ẹ̀bá ọ̀gán, òmíràn a hù lára igi tí ó rà, òmíràn a hù lórí ààtàn. Ó sì mọ èyí tí a ń jẹ yàtọ̀ sí èyí tí ń pani. Ọ̀mọ̀wé B. A. Oso kó ìmọ̀ yìí jọ, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1975 àti 1977 nínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà: orúkọ tí Yorùbá ń pe oríṣiríṣi olú, ìtàn tí a ń sọ nípa wọn, àti àìsàn tí a ń fi wọ́n wò. Àwọn onímọ̀ gbogbo ayé gbà nísinsìnyí pé ikán fúnra rẹ̀ ni ó ń gbin olú ẹ̀bá ọ̀gán. Ó ń kó igi àti ewé tí ó ti jẹ wọlé, ó ń fi wọ́n ṣe oko olú ní abẹ́ ilẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó lọ ń wá olú ní ẹ̀bá ọ̀gán kò rìn ín ní èèṣì. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa li ó lè dárúkọ olú márùn-ún ní èdè ìyá rẹ̀? Ó mọ Termitomyces lórí ìwé. Kò mọ ohun tí ìyá àgbà rẹ̀ ń pè é nínú ọbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ nìkan ni èyí. Ní ọdún 1928, ní Lọ́ńdọ̀nù, Alexander Fleming rí ohun kan tí ó bu nínú àwo iṣẹ́ rẹ̀, tí ó sì ń pa àwọn kòkòrò àrùn tí ó wà nítòsí rẹ̀. Láti inú rẹ̀ li a ti rí pẹnisílínì. Òògùn tí à ń pè ní Augmentin, ohun méjì li ó pa pọ̀: ọ̀kan jẹ́ ọmọ ìdílé pẹnisílínì, èkejì ni a kọ́kọ́ rí lára bakitéríà inú erùpẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, GlaxoSmithKline, tí ó ti ní ilé iṣẹ́ ní Àgbárá ní ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà yìí kan náà, kéde pé òun ń kógbá sílé ní Nàìjíríà. Iye owó òògùn yìí sì ga títí ọwọ́ tálákà kò fi tó o mọ́. Ẹ gbọ́ o! Ohun tí ó bu àti ohun inú erùpẹ̀ li a ń sunkún pé àlejò kó lọ. Àwa tí a ní erùpẹ̀ tí ó tó báyìí, tí ohun gbogbo sì ń bu lọ́wọ́ wa nígbà òjò, àwa li a jókòó tí à ń dúró de ọkọ̀ ojú omi!

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ọ̀rọ̀ Niprisan, nítorí pé ibẹ̀ ni ọgbẹ́ náà gbé jinlẹ̀. Àlùfáà Paul Ogunyale, oníṣègùn ìbílẹ̀ ọmọ Yorùbá, fi òògùn tí ó ń lò fún àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde han ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń ṣe ìwádìí òògùn ní Àbújá. Ohun mẹ́rin li ó wà nínú rẹ̀: ìyèré, igi osùn, kànáfùrù, àti ewé ọkà bàbà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ṣe àjèjì sí wa. Àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n fi tọ́jú aláìsàn, wọ́n sì rí i pé ó ń dín ìrora tí ń kọlù wọ́n kù. Lẹ́yìn èyí a gbé àṣẹ àti ṣe é lé Xechem, ilé iṣẹ́ kan láti Amẹ́ríkà, lọ́wọ́. Ní ọdún 2006 òògùn náà jáde ní Nàìjíríà, a sọ ọ́ ní Nicosan. Ní ọdún 2008 Xechem wọ gbèsè tí kò lè san, ó wó. Àwọn aláìsàn tí ó ti gbẹ́kẹ̀ lé òògùn náà sì wá a tì. Èmi kò sọ pé àlejò ni ó burú. Mo ń sọ pé nígbà tí àlejò ṣubú, kò sí ọwọ́ ọmọ onílé tí ó múra tán láti gba ẹrù náà. Ìyèré kò tán ní ọjà. Ọkà bàbà kò tán lóko. Ohun tí ó tán ni okùn tí ó yẹ kí ó so oníṣègùn, onímọ̀ àti ilé iṣẹ́ pọ̀.

Nísinsìnyí, ẹ bá mi ká lọ sí ilẹ̀ Ṣáínà, kí a wo bí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe so okùn tiwọn. Ní ọdún 1967 ìjọba wọn pe àwọn onímọ̀ jọ láti wá òògùn ibà. Tu Youyou, obìnrin kan tí kò kàwé ní òkè òkun, tí kò sì gba oyè ọ̀mọ̀wé, ṣí ìwé ìṣègùn àwọn baba rẹ̀. Nínú èyí tí Ge Hong kọ ní nǹkan bí 1,600 ọdún sẹ́yìn, ó kà á pé kí a rẹ ewé kan sínú omi, kí a fún un, kí a sì mu omi rẹ̀. Kí a rẹ ẹ́, kì í ṣe kí a sè é! Níbẹ̀ li ojú rẹ̀ ti là pé ooru li ó ń ba agbára ewé náà jẹ́. Ní ọdún 1971 ó yọ agbára náà láìlo ooru púpọ̀. Àwọn òògùn ibà tí a ń rà ní Ọ̀tà lónìí, tí a ń pè ní artemisinin àti ìdílé rẹ̀, ti ibẹ̀ wá. Ní ọdún 2015 a sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel. Kíyè sí i, ìwọ òǹkàwé: ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú èdè àwọn baba rẹ̀ li ó ṣí ilẹ̀kùn náà.

Àwa náà ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. A ń se àgbo. A ń gún àgúnmu. A ń jó ẹ̀tù. A ń rẹ egbò sínú ọtí. A ń fi ọwọ́ gbo ewé sínú omi tútù. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ni ó ní ohun tí ó ń yọ jáde lára ewé, àti ohun tí ó ń fi sílẹ̀. Onímọ̀ tí ó bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀, tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé omi ewé ṣá ni, ti sọ kọ́kọ́rọ́ nù kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà. Ìdí nìyí tí mo fi ń pariwo èdè. Kì í ṣe nítorí ìgbéraga.

Àwọn alátakò wa ní èsì mẹ́ta. Wọ́n ní èdè Yorùbá kò lè gbé irú ẹ̀kọ́ yìí. Ǹjẹ́ wọn kò gbọ́ ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ láti ọdún 1970? Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọdé ní gbogbo ẹ̀kọ́, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, fún ọdún mẹ́fà, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn sí àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́.

Wọ́n tún ní àgbo kò mọ́, kò sì ní òṣùwọ̀n. Òtítọ́ ni, èmi kò ní í jiyàn rẹ̀. Omi tí kò mọ́ àti ìgò tí a kò fọ̀ dáadáa ń kó kòkòrò àrùn sínú àgbo tí a ń tà lẹ́bàá ọ̀nà, ewé tí a kò sá gbẹ a sì máa bu. Ṣùgbọ́n ta ni iṣẹ́ rẹ̀ láti tún èyí ṣe, bí kò ṣe akẹ́kọ̀ọ́ maikrobáyọ́lọ́jì? Làpálàpá tí ń jẹ orí ọmọdé, ẹbí olú ni ó ń fà á. Ewé àsùnwọ̀n tí àwọn ìyá wa fi ń pa á ní agbára náà ní tòótọ́, àwọn onímọ̀ sì ti dán an wò. Ìbéèrè tí ó kù ni iye tí ó tó, bí a ṣe lè pa á mọ́, àti bí yóò ṣe mọ́. Ẹni tí ó rí àléébù àgbo tí ó sì yísẹ̀ padà, kò yàtọ̀ sí dókítà tí ó sá fún aláìsàn nítorí pé ara rẹ̀ kò yá.

Ẹ̀kẹta, wọ́n ní àwọn oníṣègùn ahun ni wọ́n, wọn kì í sọ. Ẹ̀yin àgbà, èyí kàn yín. Joseph Odumosu ti Ìjẹ̀bú kọ Ìwé Ìwòsàn jáde ní èdè wa nígbà tí ọ̀rúndún ogún bẹ̀rẹ̀, kò sì fi orúkọ ewé pamọ́ fún ọmọ rẹ̀ nìkan. Mélòó nínú yín ti ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà? Síbẹ̀, ìbẹ̀rù yín ní ìdí. Ní ọdún 1949, dókítà kan ní ilẹ̀ Filipíìnì, Abelardo Aguilar, fi erùpẹ̀ ìlú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ òògùn kan ní Amẹ́ríkà; inú erùpẹ̀ náà ni òògùn erythromycin ti jáde, ṣùgbọ́n ó kú láìrí ìpín kankan gbà nínú èrè rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìwé àdéhùn ni yóò so ọwọ́ méjèèjì pọ̀. Kí a máa fi nǹkan pamọ́ kò lè so wọ́n.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin li a ń bèèrè. Èkíní: kí akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́ yìí kankan má ṣe gba oyè ní Ọ̀tà láìjẹ́ pé ó ti kó ewé tàbí olú mẹ́wàá jọ láti igbó àti ọjà, kí ó kọ orúkọ wọn ní Yorùbá, ibi tí ó ti rí wọn, àti ọ̀nà tí a ń gbà lò wọ́n, kí ó sì sá wọn pamọ́ fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Èkejì: kí àwọn yunifásítì pe eléwé ọmọ àti lékuléja wá gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, kí wọ́n san owó fún wọn, kí ìwé àdéhùn ìpín sì wà kí a tó já ewé kan, Àdéhùn Nagoya ti ọdún 2010 ti fi ọ̀nà rẹ̀ hàn gbogbo ayé. Ẹ̀kẹta: kí àwọn ilé iṣẹ́ òògùn Ọ̀tà yan òògùn ilẹ̀ wa kan, ọ̀kan péré, kí wọ́n gbé e dé ìparí pẹ̀lú àwọn ọmọ wa. Ẹ̀kẹrin: kí Ọlọ́tà, àwọn ìjòyè àti ìjọba ya igbó kan sọ́tọ̀, kí ògiri ilé iṣẹ́ tó gba gbogbo ilẹ̀, nítorí pé ewé tí a kò rí mọ́, orúkọ rẹ̀ kì í pẹ́ lẹ́nu.

Ẹgbẹ́ wa pẹ̀lú kò gbọdọ̀ dúró lásán. Kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ka èyí lọ bá ìyá àgbà rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ó bi í ní orúkọ ewé mẹ́ta àti olú méjì, kí ó kọ wọ́n sílẹ̀, kí ó sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí akọ̀wé wa. Ẹ má ṣe sọ pé ó di ọ̀la. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ti dàgbà, alẹ́ sì ti ń lẹ́.

Èmi ni ti yín nítòótọ́,
ỌMỌ ÌGANMỌDẸ