Ẹ Jẹ́ Kí Ojú Àgbàrá Hàn Lórí Òrùlé

Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ilé ńláńlá tí a ń kọ́ lóde òní, láti Zone du Bois nílùú Ouagadougou títí dé Lẹ́kí l'Ékòó àti Bódìjà n'Ìbàdàn: onílé ti ń gbà fún àgbàrá, ó tún ń sanwó fún un.

Àwòrán ilé tí a ń wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló kó bá wa. Ilé kan ṣoṣo, òrùlé rẹ̀ á ní orí mẹ́fà tàbí méje. Níbi tí ìhà òrùlé méjì bá ti pàdé, tí wọ́n sì wọnú síra wọn, ojú àgbàrá kan á wà níbẹ̀. Òun ni àwọn káfíńtà ń pè ní valley. Gbogbo omi tó bá bọ́ sórí ìhà méjèèjì, ibẹ̀ ló ń gbà sọ̀kalẹ̀. Bí òrùlé bá ń jò, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2009, òjò tó rọ̀ ní Ouagadougou tó mìlímítà 263, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta òjò tí ìlú náà ń rí lọ́dún. Omi wọ ilé ìwòsàn Yalgado Ouédraogo, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì di aláìnílé. Ká ní ìhà òrùlé méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 50, ń da omi sínú valley kan. Omi tí yóò gba ibẹ̀ kọjá lọ́jọ́ yẹn jẹ́ lítà 26,300, ìyẹn ju dọ́rọ́ọ̀mù 130 lọ.

Kí òjò tó dé rárá, ọyẹ́ ti ṣe tirẹ̀. Eruku Sàhárà àti ewé dóńgóyárò, inú valley ni wọ́n ń kó sí. Òjò àkọ́rọ̀ á pò wọ́n di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ á dí ọ̀nà, omi á sì wá ọ̀nà gba abẹ́ shingle.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà ṣe valley lórí ilé oníshingle. Àwọn kan ń hun shingle ìhà méjèèjì mọ́ra bí ẹní. Àwọn kan ń jẹ́ kí tìhà kan kọjá sí ìhà kejì, wọ́n á wá gé tìhà kejì lé e lórí. Àwọn tó kù ń tẹ́ páànù sójú àgbàrá, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ ní gbangba. Onílé fẹ́ràn méjì àkọ́kọ́ nítorí pé wọ́n bo ojú àgbàrá mọ́lẹ̀. Ìdí yẹn gan-an ni mo fi ní kí ẹ kọ̀ wọ́n. Páànù ń yọ̀, ewé kì í há síbẹ̀ bọ̀rọ̀, a lè gbá a, bó bá sì bàjẹ́, a óò rí i.

Ẹ tẹ́ rọ́bà tó ń lẹ̀ mọ́ pákó sábẹ́ páànù náà. Kí páànù fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 60, kí àárín rẹ̀ yọ sókè díẹ̀, kí omi ìhà kan má baà sáré wọ abẹ́ ìhà kejì. Láti ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ti òkè gun ti ìsàlẹ̀. Kí ìṣó jìnnà sí àárín tó sẹ̀ǹtímítà 15, ó kéré tán.

Ẹnìkan á ní páànù tó hàn kò dùn-ún wò. Ṣé àjà tí omi ti kùn ní àwọ̀ tíì ló wá dùn-ún wò? Ẹlòmíì á ní káfíńtà ni kò mọṣẹ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló ya valley mẹ́fà fún un, tó tún ní kó parí kó tó di ọjọ́ Sátidé?

Valley kì í ṣe àjèjì sí wa. Nínú agbo ilé àtijọ́, òrùlé mẹ́rin ń kọjú sí àgbàlá, omi á sì máa dà láti igun wọn sínú ìkòkò. Àwọn baba wa ń fi í gbomi lò ni, ojú gbogbo ará ilé sì wà níbẹ̀. Kí ni tiwa wà fún? Francis Kéré, ọmọ Gando ní Burkina Faso, gba ẹ̀bùn Pritzker lọ́dún 2022. Ilé ìwé tó kọ́ sí Gando lọ́dún 2001, òrùlé páànù gbọọrọ kan ló gbé sókè kúrò lórí àjà amọ̀, kò sí valley kankan níbẹ̀. Ta ni yóò sọ pé ilé náà kò lẹ́wà?

Nítorí náà, ẹ mú bírò, kí ẹ fagi lé gbogbo valley tí kò níṣẹ́ nínú àwòrán ilé yín. Èyí tó bá kù, ẹ fi páànù sí i, kí ẹ má bò ó. Lọ́dọọdún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹnìkan gun àkàbà lọ gbá a.