Ẹ Jẹ́ Kí Kóńgò Wa Pé

Ẹ̀yin ará wa nínú Krístì, ẹ̀yin tí ẹ ń tajà, ẹ̀yin tí ẹ ń gba alágbàṣe, ẹ̀yin ọ̀gá níbi iṣẹ́, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ kan láì fepo bọyọ̀. Ìwà mímọ́ tí à ń gbàdúrà fún lóru, ojúmọ́ la fi ń mọ̀ bóyá a ti rí i gbà.

Ẹ ṣí Bíbélì yín sí Léfítíkù orí 19. Àṣẹ tó ṣáájú níbẹ̀ ni pé kí àwọn èèyàn Ọlọ́run jẹ́ mímọ́, torí pé ẹni mímọ́ ni Ọlọ́run wọn. Ẹ wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà gbà lọ. Oko ló wọ̀: kí wọ́n má kórè dé igun oko tán, kí tálákà àti àlejò lè rí nǹkan ṣà. Ó dé ọ̀dọ̀ alágbàṣe: kí owó rẹ̀ má sùn mọ́ ọ̀gá lọ́wọ́ di òwúrọ̀. Ó kan afọ́jú tí wọ́n lè gbé ohun ìkọ̀sẹ̀ síwájú rẹ̀, ó kan ẹni tó ń ṣòfófó kiri. Nígbà tí orí náà sì fẹ́ parí, ọjà ló dúró sí, lórí ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n. Ẹni tó pàṣẹ ìwà mímọ́ fún wa náà ló tọ́ka ibi tí a ti máa hù ú.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n yìí ká wa lára, torí gbogbo wa la mọ ohun tí àwọn kan ń fi kóńgò ṣe. Wọ́n á dojú rẹ̀ dé, wọ́n á fi òòlù lu ìdí rẹ̀ títí á fi wú sínú. Téèyàn bá wò ó lókèèrè, kò yàtọ̀ sí ti ẹlòmíì. Gàrí á bo ìdí náà mọ́lẹ̀, wọ́n á wọ̀n ọ́n kó ga gogoro, wọ́n á yí i sínú ọ̀rá wéré, wọ́n á tún bu ìkúnwọ́ kan lé e, wọ́n á ní èènì rèé. Oníbàárà á dúpẹ́. Nínú ohun tí wọ́n yọ lára gàrí rẹ̀ ni wọ́n ti bù ú ní èènì! Ìyá ọlọ́mọ tó ṣírò pé kóńgò méjì á gbé òun dé òpin ọ̀sẹ̀ ni àìtó náà máa bá nílé. Orúkọ Jésù lè wà lára ìsọ̀ yẹn gàdàgbà, Òwe orí 11 ṣì pe òṣùwọ̀n èké ní ìríra lójú Olúwa.

Ọ̀gá tó ń kọ́lé náà ńkọ́, tó sọ fún bíríkìlà lọ́jọ́ Sátidé pé ó di Mọ́ńdè, tó wá san ìdámẹ́wàá lọ́jọ́ Sọ́ńdè? Jákọ́bù orí 5 ní owó ọ̀yà tí a dì mọ́wọ́ ń ké, igbe àwọn òṣìṣẹ́ náà sì ti dé etí Ọlọ́run. Ẹ̀rù ń bà mí pé ọ̀pọ̀ àdúrà wa ló ń bá igbe yẹn pàdé lọ́nà.

Mi ò bá ààwẹ̀ àti ìṣọ́ òru jà. Àwọn baba wa rí ojú Ọlọ́run níbẹ̀. Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tí ìpè Ọlọ́run bá nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì ní 1928, fi ààwẹ̀ àti àdúrà ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè Oòyè ní Iléṣà, lóṣù Keje 1930, àwọn èèyàn ń kó oògùn àti oǹdè ilé wọn jáde, wọ́n ń dáná sun ún. Ohun tí ọkàn wọn gbẹ́kẹ̀ lé ni wọ́n kó jáde yẹn. Púpọ̀ nínú wa kò ní oǹdè nílé mọ́. Kóńgò tí ìdí rẹ̀ wú la gbẹ́kẹ̀ lé, àti ọjọ́ orí tí a yí níbi iṣẹ́, àti rìsíìtì tí a fowó lé. Ẹ jẹ́ kí àwọn náà jáde.

Kí wọ́n jáde nìkan kò sì tó. Léfítíkù orí 6 ní ẹni tó bá rẹ́ ẹnìkejì rẹ̀ jẹ gbọ́dọ̀ dá ohun náà padà, kó fi ìdámárùn-ún rẹ̀ lé e. Sákéù, olórí agbowó òde ní Jẹ́ríkò, ṣèlérí ìlọ́po mẹ́rin. Ìjọ Deeper Life, tí W. F. Kumuyi fi ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì bẹ̀rẹ̀ ní 1973, kò yé wàásù pé ká dá ohun tí a jí padà; àwọn kan ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ẹ̀. Lójú tèmi, wọ́n jàre.

Kóńgò tó pé kò lè ra ìgbàlà fún ẹnikẹ́ni; ẹ̀jẹ̀ Jésù ló rà á. Àmọ́ ẹni tó bá ti gbà á gbọ́dọ̀ máa dàgbà. Pétérù Kejì orí 1 ní ká máa fi ìwà rere kún ìgbàgbọ́, ká fi ìmọ̀ kún un, ìkóra-ẹni-níjàánu, sùúrù, títí a ó fi dé orí ìfẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni, ó sì máa ń náni lówó. Ẹni tí kóńgò rẹ̀ pé lè rí i kí oníbàárà yà sọ́dọ̀ ẹlòmíì tí tiẹ̀ dínwó. Bí ọjà bá wọ́n, ẹ fowó lé e, kí ẹ sọ ọ́ fún oníbàárà lójúkojú, kí òṣùwọ̀n sì pé.

Mo bẹ yín, kí Sọ́ńdè tó ń bọ̀ tó dé, ẹ ra kóńgò tuntun. Ẹ pe bíríkìlà yẹn, kí ẹ san owó rẹ̀ pé kí ẹ tó san ìdámẹ́wàá.