Pápá ẹṣin tẹ̀ síbì kan, àpò wa náà tẹ̀ síbì kan

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí, àwọn kan á ní kí ló kan tíṣà nínú rẹ̀. Ó kàn wá. Ní Glei níbí, kí a tó lu agogo ilé ìwé láàárọ̀, a máa ń rí àwọn bàbá ọmọ àti àwọn zémíjàn létí títì ńlá, ìwé ẹṣin lọ́wọ́, bírò létí. Wọ́n ń wá ẹṣin márùn-ún tí ẹnì kankan nínú wọn kò fojú rí rí. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, ọmọ wọn á wá bá wa ní kíláàsì pé bàbá ní kí tíṣà ṣe sùúrù, owó kàyé kò tíì sí.

A kò wá bú ẹnikẹ́ni. Àwa náà ti ta á rí. Ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀, ṣùgbọ́n àwa kì í ṣe ẹyẹ. Èrò wa ni pé ìmọ̀ wà nínú tẹ́tẹ́ ẹṣin, ìmọ̀ gidi ni, àwọn tó ń ta á lójoojúmọ́ ni kò sì wá a. Bí a bá mọ̀ ọ́n, owó tó ń jáde lápò wa á dín kù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí PMU ṣe ń ṣiṣẹ́. Joseph Oller ló bẹ̀rẹ̀ irú tẹ́tẹ́ yìí ní Paris ní 1867, òfin Faransé sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ ní 1891. Ní 1930 ni PMU bẹ̀rẹ̀, kí ará ìgboro lè ta láìdé pápá. Tiercé dé ní 1954, Quinté+ dé ní 1989. Ó ti tàn dé ọ̀dọ̀ wa báyìí: ní Benin, ní Burkina Faso, ní Mali, ní Côte d'Ivoire, ẹṣin tó ń sá ní Faransé ni aráàlú ń fi owó lé.

Nínú tẹ́tẹ́ yìí, kì í ṣe ilé iṣẹ́ ni à ń bá jà, ara wa ni. Gbogbo owó á wọ inú àpò kan. Ilé iṣẹ́ á yọ tirẹ̀, àwọn tó jẹ á pín ìyókù. Ní Faransé, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ni kì í padà sọ́wọ́ àwọn tó ta. Ó dà bí èésú, tí à ń pè ní tontine níbí, tí ẹni tó ń kó o jọ ti kọ́kọ́ bù nínú rẹ̀ kó tó pín in. Ẹ ṣírò ó: 1 000 fráǹkì wọlé, 750 jáde. Ẹ dá 750 náà padà, 562 jáde. Nígbà tó bá di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, 237 ló kù. Bí gbogbo wa lápapọ̀ ṣe ń rí nìyẹn, kódà bí ẹnì kan bá ń jó lójú títì pé òun jẹ.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Bí ẹṣin 16 bá ń sá, ọ̀nà 4 368 ló wà láti mú márùn-ún láìka ipò tí wọ́n bá dé sí. Bí a bá fẹ́ kí wọ́n tò gẹ́lẹ́, ọ̀nà náà di 524 160. Ẹni tó ń fi àlá wá ọ̀kan nínú wọn ń wá abẹ́rẹ́ nínú òkun.

Kí ni ẹni tó gbọ́n á ṣe nígbà náà? Ó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹṣin tó lè borí àti ẹṣin tó yẹ ká fi owó lé kì í ṣe ọ̀kan náà. Ká ní ẹṣin kan lè borí lẹ́ẹ̀kan nínú ìje márùn-ún. Bí a bá fi 100 fráǹkì lé e nígbà ogún, 2 000 la ná, á sì jẹ lẹ́ẹ̀mẹrin. Bí wọ́n bá ń san ìlọ́po mẹ́rin, 1 600 la gbà, a pàdánù 400. Bí wọ́n bá ń san ìlọ́po méje, 2 800 la gbà, a jèrè 800. Ẹṣin kan náà ni o! Iye tí wọ́n ń san ló yàtọ̀, iye yẹn sì ń tọ́ka sí bí àwọn tó yan án ṣe pọ̀ tó. Ìdí nìyí tí ẹṣin tí gbogbo ìwé ìròyìn ń pariwo kì í sábà fi í mú èrè púpọ̀ wá, kódà bó bá borí.

Èrè wà níbi tí ojú àwọn ẹlòmíràn kò dé. Ọ̀kan nínú ibẹ̀ wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹṣin, ìyẹn pápá.

Ẹ rántí eré ìje àwọn ọmọ ilé ìwé. Bí a bá ní kí wọ́n sá yí pápá po, ọmọ tó wà lápá òde á máa ráhùn pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Òótọ́ ló ń sọ. Ẹni tó fi mítà kan jìnnà sí ẹ̀gbẹ́ inú, bó bá yí òbìrípo kan pé, ó ti fi mítà mẹ́fà lé díẹ̀ sá ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ mítà mẹ́ta ló fi jìnnà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 19. Gígùn ẹṣin kan kò pé mítà mẹ́ta. Ẹ wá wò ó: ẹṣin náà ti fi gígùn ẹṣin tó lé ní mẹ́fà tọrẹ kí wọ́n tó dé ìlà.

Faransé ń pe ẹ̀gbẹ́ inú yẹn ní la corde, ìyẹn okùn. Nínú ìje plat, nọ́ńbà méjì ni ẹṣin kọ̀ọ̀kan ní: nọ́ńbà tó wà lára aṣọ rẹ̀, àti nọ́ńbà okùn, tó ń sọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa kò mọ ìyàtọ̀. Ẹnì kan tí a mọ̀ dáadáa ta àgbàdo rẹ̀, ó lá àlá pé ìyá rẹ̀ tó ti kú gbé igbá méje fún òun, ló bá kó owó àgbàdo lé nọ́ńbà 7. Nọ́ńbà 7 yẹn ní okùn 16, ní pápá tí kọ̀rọ̀ wà nítòsí ibi ìbẹ̀rẹ̀. Ó ti wà nínú ìwé tó mú lọ́wọ́. Kò kà á.

Ní pápá ńlá tó ní ìlà tààrà gígùn, ẹṣin tó bẹ̀rẹ̀ níta ṣì lè ráyè wọlé. Pápá kékeré ni kì í dárí jì í. Ẹ wo Chester ní England: ìyípo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí máìlì kan péré, kọ̀rọ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹṣin tí nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kéré ló ń jàǹfààní. Nínú eré trot náà, bí ìje bá jẹ́ autostart, ẹṣin mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ ló sábà máa ń wà ní ìlà iwájú lẹ́yìn ọkọ̀, ìyókù á tò sẹ́yìn wọn. Ẹni tó wà ní ìlà kejì ti jẹ gbèsè kí wọ́n tó gbéra. Ní grande piste Vincennes, ilẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀, ó tún ń gòkè, nítorí náà ẹṣin tó sá síwájú jù lè rẹ̀ kó tó dé. Ní Enghien tàbí Cabourg, pápá kúrú, ẹṣin tó bá ti gba iwájú ṣòroó lé bá.

Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ tún ń sọ̀rọ̀. Bí òjò bá rọ̀ sórí pápá koríko, tí wọ́n sì ti sá ìje púpọ̀ níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ okùn á ti di ẹrẹ̀, àwọn jockey á máa wá ilẹ̀ tó le lápá òde. Nígbà yẹn, ohun tó jẹ́ àǹfààní lánàá á di ìdíwọ́ lónìí. Ní Deauville, Pau, Chantilly àti Cagnes-sur-Mer, pápá sable fibré wà, iyanrìn tí wọ́n po okùn tín-ín-rín mọ́. Ẹṣin tó ń fò lórí rẹ̀ lè máa wọ́ ẹsẹ̀ lórí koríko tútù.

Ṣùgbọ́n ẹ má sáré lọ ta okùn 1 o. Ohun tí gbogbo ayé ti mọ̀ ti wọ inú iye tí wọ́n ń san. Ní Chester, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé nọ́ńbà kékeré dára, nítorí náà owó rẹ̀ ti kéré. Ibi tí ọgbọ́n wà ni ká wo ẹ̀yìn ẹṣin. Musique ẹṣin kan lè fi hàn pé ipò kẹsàn-án ló ṣe nínú ìje tó kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ á fi bírò pa á rẹ́. Ẹni tó bá mọ̀ pé okùn 15 ló ti bẹ̀rẹ̀, tó sì sáré ní òde kọ̀rọ̀ méjèèjì, á mọ̀ pé ipò kẹsàn-án yẹn kò burú rárá. Bí ó bá wá gba okùn 3 lónìí, ẹ̀yìn gbogbo ènìyàn ló ń gbà bọ̀.

Ìdí kan tún wà tí pápá kékeré fi dára: àwọn akọ̀ròyìn kì í fi bẹ́ẹ̀ kọ nípa rẹ̀. Ìje Quinté+ ni gbogbo amòye ń yẹ̀ wò. Àmọ́ àpò pápá kékeré náà kéré, bí a bá sì kó owó ńlá lé ẹṣin kan, àwa fúnra wa la ó ba iye tí wọ́n máa san jẹ́. Ẹ sì mọ èyí: àwọn orílẹ̀-èdè kan ń da owó wọn pọ̀ mọ́ ti Faransé, àwọn mìíràn ní àpò tiwọn lọ́tọ̀. Níbi tí àpò bá ti wà lọ́tọ̀, ará Paris kọ́ lẹ̀ ń bá du owó. Aládùúgbò yín tó ń ka ìwé ìròyìn kan náà ni.

Ní ìgbà òjò tó kọjá, àwa tíṣà méjì jókòó, a ń kọ àwọn ìje pápá kékeré sínú kàyé láìfi kọ́bọ̀ lé e: okùn, ilẹ̀, òjò, ẹni tó gba iwájú, iye tí wọ́n san. Lórí ìwé, a kò pàdánù tó bí a ṣe ń pàdánù nígbà tí à ń ta á pẹ̀lú àlá. Ṣùgbọ́n a kò jèrè. Ìdá mẹ́rin tí ilé iṣẹ́ ń bù kò fojú fo ọlọ́gbọ́n. A fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ gbólóhùn yẹn dáadáa, torí àwọn kan á ka apá òkè ọ̀rọ̀ wa nìkan.

Ohun tí à ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ta, kó ra kàyé kí ó tó ra ìwé tẹ́tẹ́. Kó kọ ọ́ fún oṣù méjì láìfi owó lé e, kó wá ṣírò. Kó fi owó tí kò ní dun ún ta, kì í ṣe owó àgbàdo, kì í ṣe owó òwú, kì í ṣe owó oògùn. Kó má rán ọmọ lọ ta á. A ti rí ọmọ kíláàsì CM1 tó mọ ìtumọ̀ musique ẹṣin ju ìsodipúpọ̀ lọ, ojú sì tì wá.

Kàyé tí a ń wí yẹn, ibi tí ọ̀pọ̀ ti máa rí i pé tẹ́tẹ́ kò jẹ́ iṣẹ́ nìyẹn. Bí ẹnì kan bá tipa rẹ̀ fi í sílẹ̀, tó bá fi owó náà ra kàyé fún ọmọ rẹ̀, òun ló jẹ Quinté lójú tiwa.

Ẹ̀yin ńkọ́? Lágbègbè tiyín, báwo ló ṣe rí? Ẹ sọ ọ́ fún wa, ẹ jọ̀ọ́. Ire o, láti Glei.